Ohun Tó Ṣiṣẹ́ Lánàá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbéjáde Ẹ̀dà Sọ́fítíwíà àti Ìfàsẹ́yìn Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà àti àwọn oníṣẹ́ títẹ̀wé, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjagun, ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ wá láti Ṣágámù, Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ẹ kú ìrìn. Mo rí àwọn tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Mo dúpẹ́ pé ẹ ti ṣọ́ọ̀bù wá síbí, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Wọ́n ní kí n sọ bí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba ṣe ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, àti bí wọ́n ṣe ń tọpa ohun tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ́dù nìkan ni, kó fara balẹ̀ díẹ̀.

Ká ní ọjọ́rú ni. Ẹbí kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá fún yín láti tẹ̀. Orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna àti ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ jánrẹrẹ, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, lẹ fi ń ṣe é. Lóru, kọ̀ǹpútà ti gba ẹ̀dà tuntun. Nígbà tí ìwé jáde láti inú ẹ̀rọ, àmì orí gbogbo ẹ àti ọ ti sún sí ẹ̀gbẹ́, ó dà bí ẹni pé eṣinṣin bà sórí ìwé. Fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí o. Fọ́ǹtì kan náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú.

Ohun tí mo ń pè ní ìfàsẹ́yìn nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe inú sọ́fítíwíà ló jẹ́ ìfàsẹ́yìn. Ohun tí kò ṣiṣẹ́ rí, àṣìṣe ni, ẹ lè máa bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ìfàsẹ́yìn ni ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí àyípadà kan wá bà jẹ́. Ìyàtọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹnìkan ti fi ohun náà ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ìkejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù, a mọ ibi tí ẹlẹ́bi wà: ó wà láàárín ẹ̀dà tó dára gbẹ̀yìn àti ẹ̀dà tó kọ́kọ́ burú. Ó lè jẹ́ àárín tó gbòòrò, ṣùgbọ́n ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Àṣìṣe lásán kì í ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Linus Torvalds, tó bẹ̀rẹ̀ kernel Linux ní 1991, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti gbogbo ètò yòókù, mú ọ̀rọ̀ yìí le. Òfin rẹ̀ ni pé kernel kò gbọdọ̀ ba ètò tí àwọn òǹlò ń lò jẹ́. Bí ètò kan bá ń ṣiṣẹ́ lórí kernel àná tí kò ṣiṣẹ́ lórí tòní, kernel ló jẹ̀bi, kódà bó jẹ́ pé ètò náà gbójú lé ohun tí kò yẹ kó gbójú lé. Ẹlòmíràn á ní, “Ṣùgbọ́n àṣìṣe la tún ṣe!” Kò kàn án. Bí àtúnṣe yín bá sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di òfo, ẹ wá ọ̀nà mìíràn gbà. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ètò tí à ń ṣí sójú kọ̀ǹpútà kì í tẹ̀lé òfin yìí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yọ bọ́tìnì kan kúrò, wọ́n á ní kó lè rẹwà ni. Ẹwà wo ló wà nínú gbígba bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹni tó fi ń jẹun? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Báwo wá ni ẹ̀dà tuntun ṣe ń jáde? Àwọn kan á ní ìgbà tó bá jinná ni àwọn á gbé e kalẹ̀. Àwọn mìíràn á mú ọjọ́: ohun tó bá ṣe tán lọ́jọ́ náà á bá a lọ, èyí tí kò bá ṣe tán á dúró de ìgbà mìíràn. Nílùú tí a wà yìí, kò yẹ kí n ṣàlàyé èyí pẹ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Bí aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan kò bá tíì kúrò lọ́wọ́ télọ̀, Ojúde Ọba kò ní tìtorí rẹ̀ sún. Ẹlẹ́ṣin á gun ẹṣin, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe tán á yan kọjá, ẹgbẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kò dé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò máa wòran. Ẹ wá wo àǹfààní rẹ̀: nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ pé ọjọ́ náà kò ní yẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé ọdún mìíràn ń bọ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gbé aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kó lásán wọ̀ jáde.

Ibi tí wọn kò bá ti mọ ìgbà tí ẹ̀dà mìíràn máa jáde ni gbogbo ènìyàn ti ń sáré ju ohun tí kò jinná sínú èyí tó wà nílẹ̀. Kernel Linux rí èyí rí. Ẹ̀dà 2.4 jáde ní oṣù Kìíní 2001. 2.6 kò jáde títí di oṣù Kejìlá 2003. Fún bí ọdún méjì nínú àsìkò yẹn, nǹkan tuntun ń kó jọ sínú 2.5 tí wọ́n fi ń dánwò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín Linux kò lè dúró, wọ́n ń fa díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sínú 2.4 tiwọn, tó fi jẹ́ pé 2.4 ọ̀dọ̀ ẹnìkan kò jọ ti ẹnìkejì mọ́. Nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ àyípadà tó ba nǹkan jẹ́?

Wọ́n yí ọ̀nà padà. Lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ẹ̀dà kan ń gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn fi ń ṣí sílẹ̀ fún nǹkan tuntun. Bí ó bá parí, rc1, ìyẹn ẹ̀dà àdánwò àkọ́kọ́ (release candidate), á jáde, ilẹ̀kùn á tì. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀dà àdánwò mìíràn ń jáde: rc2, rc3, títí dé rc7, nígbà mìíràn rc8. Àtúnṣe nìkan ni wọ́n ń gbà ní àsìkò yìí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dà gidi, ilẹ̀kùn á sì tún ṣí.

Inú ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó wà láàárín rc1 àti ẹ̀dà gidi yẹn ni ohun tí mo wá sọ wà. Àsìkò yẹn ni ẹjọ́ yín lágbára jù. Bí ẹ bá ké ní rc3 pé àyípadà báyìí ba nǹkan jẹ́, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò láìsí wàhálà, nítorí kò tíì dé ọwọ́ aráyé. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ̀dà ti jáde, tí ó ti wọ inú Debian àti Ubuntu, àwọn àkójọ Linux tí aráyé ń fi sórí kọ̀ǹpútà wọn, tí ẹ wá ké lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ẹlòmíràn ti lè gbójú lé ìwà tuntun náà. Yíyọ rẹ̀ kúrò á wá di ìfàsẹ́yìn fún ẹni yẹn. Ẹ̀tọ́ yín ti di gbèsè tí a kò mọ ẹni tí yóò san án. Ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ yìí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí la máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀dà tuntun wà.

Debian ní tirẹ̀ kì í dá ọjọ́ pàtó láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa ka àwọn àṣìṣe tó burú débi pé ẹ̀dà kò gbọdọ̀ jáde pẹ̀lú wọn, títí iye náà á fi wálẹ̀. Nígbà kan, ó mú wọn pẹ́: ẹ̀dà wọn tó ń jẹ́ Woody jáde ní oṣù Keje 2002, Sarge kò dé títí di oṣù Kẹfà 2005. Wọ́n ti mú un wá sí bí ọdún méjì-méjì báyìí. Bookworm jáde ní oṣù Kẹfà 2023, Trixie ní oṣù Kẹjọ 2025. Ubuntu mú oṣù Kẹrin àti Kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo mọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún un, ní 2006, tí ẹ̀dà oṣù Kẹrin di ti oṣù Kẹfà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 6.06. LibreOffice ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Firefox, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin láti 2020. Ẹgbẹ́ ńlá bíi Debian lè sọ pé àwọn á dúró kó jinná, wọ́n ní ọwọ́ tó pọ̀. Ẹgbẹ́ ẹni márùn-ún tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má retí ẹ̀dà kankan lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn méjì tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dà.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, kernel 2.6.27 ṣì wà ní rc. Àwọn tó ń dán an wò rí i pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Intel kan ń kú. Kì í ṣe irú kíkú tí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tan án, á jí. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìrántí káàdì náà láti ilé-iṣẹ́ ló ń bàjẹ́. Gbogbo ojú kọ sí dráífà káàdì náà, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, e1000e, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń kú. Wọ́n fi ààbò sí i kí ohunkóhun má lè kọ nǹkan sínú ìrántí yẹn mọ́, ẹ̀dà gidi sì jáde ní 9 oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n dráífà kọ́ ló jẹ̀bi. Irinṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ ftrace, tí wọ́n fi ń wo bí kernel ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń tún kóòdù ṣe ní àyè tó rò pé kóòdù ṣì wà. Kóòdù ti kúrò níbẹ̀, káàdì ti gba àyè náà. Ẹ̀dà 2.6.27.1 tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti pa ẹ̀ka ftrace náà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ rí mú níbẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń dán rc wò ló gba gbogbo wa là, kí ó tó dé orí ẹgbàágbèje kọ̀ǹpútà. Ó tún fi hàn pé kò yẹ ká dán rc wò lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń jẹun. Àti pé ibi tí ọgbẹ́ wà lè jìnnà sí ọwọ́ tó dá a.

Ìtàn kejì sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ sáà dúró lórí ẹ̀dà àtijọ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wàhálà ti tán nìyẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Àwọn ẹ̀dà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ náà ń gba àtúnṣe tí wọ́n fà wá láti inú ẹ̀dà tuntun. Ní ìparí 2023, wọ́n fa àtúnṣe kan tó jẹ mọ́ ext4, ọ̀nà tí Linux ń gbà tọ́jú fáìlì sórí díìsìkì, wá sínú kernel 6.1.64. Lórí ẹ̀dà tuntun, àtúnṣe náà dára, nítorí àyípadà mìíràn tó gbójú lé ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Lórí 6.1, àyípadà yẹn kò sí. Wọ́n mú ọmọ, wọ́n fi ìyá sílẹ̀. Fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Debian ń múra láti gbé 12.3 jáde ní àsìkò náà gan-an. Wọ́n dá a dúró, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn òǹlò pé kí wọ́n má gba kernel yẹn, 12.4 ló sì jáde ní 10 oṣù Kejìlá. Ìdúró yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò. Gbogbo nǹkan ti ṣe tán, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti jókòó, wọ́n sì lè sọ pé ẹ jẹ́ kó lọ, a ó tún un ṣe tó bá yá. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìfàsẹ́yìn tó ń pariwo nìwọ̀nyí. Èyí tí kì í pariwo burú jù. Ní 2006, àyípadà kan tí Debian ṣe sí OpenSSL tirẹ̀, irinṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dín àwọn nọ́ḿbà aláìléto tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ààbò kù, débi pé fún irú kọ́kọ́rọ́ kan lórí irú kọ̀ǹpútà kan, 32,768 péré ló lè wà. Ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Oṣù Karùn-ún 2008 ni àṣírí tú.

Ó yá, báwo la ṣe ń mú ẹlẹ́bi?

Ká ní kernel 6.1 dára lọ́wọ́ yín, 6.2 kò dára. Àyípadà tó wà láàárín méjèèjì ju 10,000 lọ. Ta ló fẹ́ kà á? Git, irinṣẹ́ tó ń pa ìtàn gbogbo àyípadà kóòdù mọ́, tí Torvalds fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2005, ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ git bisect. Ẹ ó sọ fún un pé ibí yìí dára, ibẹ̀ yẹn burú. Yóò gbé yín sí àárín gbùngbùn. Ẹ ó ṣe kernel yẹn, ẹ ó tan án, ẹ ó wò ó. Bó bá dára, ẹ kọ git bisect good, ìdajì tó ṣáájú ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Bó bá burú, ẹ kọ git bisect bad, ìdajì tó gbẹ̀yìn ló bọ́. Yóò tún pín ìyókù sí méjì. 10,000 á di 5,000, á di 2,500, á di 1,250. Bí ẹ bá fi dán an wò tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, ó ti ku ẹyọ kan. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, ìdí tó fi kọ ọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ èdè C tí wọ́n fi kọ kernel. Ẹni tó ń ṣe bisect kò nílò láti lóye ìlà kóòdù kan. Ojú tó mọ dáadáa yàtọ̀ sí búburú ló nílò, àti sùúrù.

Sùúrù yẹn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn ìfàsẹ́yìn kan kì í hàn nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún ni kọ̀ǹpútà ń kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí ẹ bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Bí ẹ bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan, tó jí, tí ẹ kọ good, ó lè jẹ́ irọ́ lẹ kọ. Git kò mọ̀ pé irọ́ ni. Yóò bá irọ́ náà lọ tọkàntọkàn, yóò sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà, irú èyí, ẹ dán an wò léraléra kí ẹ tó kọ good. Bad kò ní wàhálà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá ti burú, ó ti burú. Bí ẹ bá dé ibi tí kernel kò tilẹ̀ tàn rárá nítorí ohun mìíràn, git bisect skip wà fún ìyẹn, ẹ má ṣe méfò. Nígbà tí ẹ bá rí ẹlẹ́bi, ẹ padà sórí ẹ̀dà tó burú, ẹ yọ àyípadà yẹn nìkan kúrò, kí ẹ wò bóyá àìsàn náà lọ. Bí kò bá lọ, ẹ má tíì fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ń wò mí pé kí ni kernel kan yín. LibreOffice gan-an mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ wọn kò lè ṣe ètò náà láti inú kóòdù, ó ń gba wákàtí, ó sì ń gba agbára kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá kó àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti ṣe tán, lọ́pọ̀lọpọ̀, jọ sínú àpótí Git. Wọ́n ń pè é ní bibisect. Ẹ ó gbà á wálẹ̀, àṣẹ git bisect kan náà lẹ ó lò, ṣùgbọ́n kàkà kí ẹ ṣe ètò, ẹ ó kàn ṣí i, ẹ ó ṣí fáìlì ìsìnkú yín nínú rẹ̀, ẹ ó wo àmì orí ẹ àti ọ. Ó dára, kò dára, ó dára, kò dára, títí á fi ku ìwọ̀nba àyípadà díẹ̀, tàbí ẹyọ kan. Ẹni tó ń tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè ṣe èyí lọ́sàn-án tí oníbàárà kò bá pọ̀. Ní ibi tí wọ́n ń kọ àṣìṣe LibreOffice sí, wọ́n ní àmì fún ìfàsẹ́yìn, wọ́n ní àmì mìíràn fún èyí tí ẹnìkan ti bá wọn ṣe bibisect rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹ́ tún un ṣe: èwo ni ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ mú?

Dátà wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ìjẹ̀bú kì í fi owó ṣeré, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpótí bibisect tóbi, gígábáìtì lọ́pọ̀lọpọ̀. Kóòdù kernel pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀ ju gígábáìtì méjì lọ. Kì í ṣe ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan á máa gbà. Kí ẹnìkan gbà á lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi wà, kí àwọn yòókù fi háàdì díìsìkì dà á. Git kò bìkítà ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ yín.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àwa? Nítorí lẹ́tà wa. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́ḿbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Lẹ́tà é tí àwọn Faransé ń lò ní nọ́ḿbà tirẹ̀ lódidi, nítorí náà ó lè máa dára lọ́wọ́ wọn, kí tiwa ti bàjẹ́. Ẹni tó ń dán ẹ̀dà wò ní Jámánì kò ní rí i, kì í ṣe pé ó kórìíra wa. Ẹ mú rc tàbí ẹ̀dà àdánwò LibreOffice, ẹ yan kíbọọ̀dù Nàìjíríà ti Yorùbá tó wà nínú Linux, ẹ tẹ gbólóhùn kan. Ẹ wo bóyá àmì jókòó sáàárín. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìparẹ́: ṣé àmì nìkan ló lọ, àbí lẹ́tà pẹ̀lú? Ẹ wá “ọ̀rọ̀” nínú ìwé tí ẹlòmíràn tẹ̀, ṣé ó rí i? Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, kí ẹ wo ohun tó jáde. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ kọ ọ́ bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. “Kò ṣiṣẹ́ mọ́” kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀dà wo ló dára gbẹ̀yìn? Ẹ̀dà wo ló kọ́kọ́ burú? Kí lẹ ṣe, ní ẹsẹẹsẹ? Kí lẹ retí, kí lẹ rí? Ẹ fi fáìlì kékeré kan sí i, ojú ewé kan tó ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tó, ẹ má fi ìwé ìsìnkú odindi ránṣẹ́, orúkọ ẹbí ẹlẹ́bí wà níbẹ̀. Ìfàsẹ́yìn kan, ìwé kan; ẹ má kó mẹ́ta pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ẹ lo Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ dáhùn kíákíá, torí ọ̀pọ̀ ìwé ló ń kú síbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti dákẹ́.

Ó sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ níbi tí ẹnìkan ń bojú tó. Ní kernel, ìwé àwọn òǹlò ń sọnù sáàárín lẹ́tà tó pọ̀ bí iyanrìn. Rafael Wysocki ṣe iṣẹ́ títọpa wọn fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni Thorsten Leemhuis gbà á, ó sì kọ ètò kan tó ń jẹ́ regzbot, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ó ń ka lẹ́tà, ó ń so ìfàsẹ́yìn mọ́ àyípadà tó fà á, ó ń wò bóyá àtúnṣe ti dé, àkójọ rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ Torvalds kó tó pinnu bóyá ẹ̀dà yẹ kó jáde. Àṣìṣe lásán lè dúró ọdún mẹ́ta. Aago ń lù fún ìfàsẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ètò tiyín, mo gbọ́ pé àwọn kan ń kọ ètò ìṣirò àjọ. Ẹ mú ọjọ́ fún ẹ̀dà, ẹ kéde rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó mú kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe ẹni tó mọ kóòdù jù, ẹni tó lè sọ pé rárá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Bí ìfàsẹ́yìn bá dé, ẹ yọ àyípadà tó fà á kúrò ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ẹni tó kọ ọ́ lè tún un mú wá ní ẹ̀dà tó ń bọ̀. Kí ẹ sì kọ àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà á máa ṣe fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó dájọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà ni owó rẹ̀ kan sọnù, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wà nínú àyẹ̀wò yín títí ayé. Àṣìṣe tó ti wọlé lẹ́ẹ̀kan mọ ọ̀nà ilé.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé dìde. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ká má gba ẹ̀dà tuntun mọ́ ni?” Mo ní rárá, Mà. Àtúnṣe ààbò wà nínú rẹ̀, ẹ kò lè yẹra fún ìyẹn. Ẹ lo ẹ̀dà olọ́jọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí fún ọdún púpọ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń pa owó, ẹ pa gbígbà-fúnra-rẹ̀ fún LibreOffice ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, kí ẹ sì ní kọ̀ǹpútà kan tó ti gbó níkọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á máa fi dán ẹ̀dà àdánwò wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé bí ẹni tó kọ kóòdù bá dáhùn pé lọ́dọ̀ òun ó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Mo ní kó má bínú, òótọ́ lè ni. Kó béèrè ẹ̀dà, fọ́ǹtì àti ètò ojú kọ̀ǹpútà tí onítọ̀hún ń lò, kó fi wé tirẹ̀. Bí rc mìíràn bá jáde lọ́jọ́ Àìkú, kó dán an wò lórí ìyẹn pẹ̀lú, kó kọ ìlà kan sábẹ́ ìwé rẹ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ó bi mí pé fún ìgbà mélòó? Mo ní ní gbogbo rc, títí ẹ̀dà fi máa jáde.